Wikipedia: kíkà rẹ̀ dáa, àmọ́ ṣé obìnrin lè rójú kọ nǹkan síbẹ̀?

Rífíù fóònù la sábà máa ń kà, rífíù eré, rífíù bàtà, àmọ́ ohun tí à ń lò lójoojúmọ́ tí a ò sanwó ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Wikipedia ni tèmi lónìí. Kì í ṣe ti ẹni tó kàn fẹ́ kà á o, torí ìyẹn ò lẹ́jọ́ rárá, èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, àlàyé á jáde, kò sí ìpolówó ọjà tó máa fò mọ́ ẹ lójú àfi ìgbà tí àwọn fúnra wọn bá ń tọrọ owó (wọ́n mọ̀ ọ́n tọrọ ṣá), ó parí. Kíkà, máàkì 5 nínú 5. Ti ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá tí ẹni náà bá jẹ́ obìnrin, torí látìgbà tí Jimmy Wales àti Larry Sanger ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2001 ni wọ́n ti ń pariwo pé ẹni tó bá wù ló lè wá tún un ṣe, ìlérí yẹn ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n.

Òǹkà ẹ̀ ò dáa, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní 2008 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń kọ nǹkan sí Wikipedia, obìnrin ò ju bíi 13 lọ. New York Times gbé e jáde ní oṣù kìíní 2011, ibẹ̀ ni ariwo ti sọ, Sue Gardner tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, nígbà yẹn ní àwọn máa gbé e dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún tó bá fi máa di 2015. Kò débẹ̀. Ní 2014 Jimmy Wales fẹnu ara ẹ̀ sọ pé àwọn kùnà pátápátá. Àwọn olùwádìí méjì, Benjamin Mako Hill àti Aaron Shaw, tún òǹkà 2008 yẹn ṣírò ní 2013, wọ́n ní àwọn obìnrin ni ìwádìí yẹn fojú fò jù, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, òǹkà wá gòkè dé bíi 16. Ó dáa, ká mú 16. Níbi tí obìnrin ti jẹ́ ìdajì aráyé, 16 ò ṣeé fi yangàn.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní àtijọ́, òótọ́ ni. Tó o bá tẹ bọ́tìnnì àtúnṣe, ohun tó máa jáde kún fún àkámọ́ méjì-méjì àti àmì kéékèèké tí o ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, tó o bá sì pa ẹyọ kan rẹ́, gbogbo ojúewé lè dàrú. Ní 2013 ni wọ́n gbé VisualEditor jáde, látìgbà yẹn kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Mo ti lò ó, mo gbádùn ẹ̀. Tó o bá fẹ́ fi ibi tí o ti rí ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ṣáà lẹ ádírẹ́ẹ̀sì ojúewé yẹn mọ́ ọn, òun fúnra ẹ̀ á bá ẹ to orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti déètì. Irinṣẹ́, máàkì 4.

Àmọ́ ẹ bá mi rò ó wò. Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ yẹn ni gbogbo ìṣòro, ṣebí ó yẹ kí àwọn obìnrin ti rọ́ wọlé lẹ́yìn 2013? Wọn ò rọ́ wọlé. Àti pé ìwọ̀sí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ pé àmì kọ̀ǹpútà ń ba obìnrin lẹ́rù. Ta ló kọ púrógíráàmù fún ENIAC, kọ̀ǹpútà gbàǹgbà tí wọ́n fi han aráyé ní Amẹ́ríkà ní 1946? Obìnrin mẹ́fà ni, Kay McNulty, Betty Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Fran Bilas àti Ruth Lichterman, kò sí ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún wọn, àwòrán wáyà ẹ̀rọ náà ni wọ́n wò títí tó fi yé wọn. Grace Hopper náà ṣe A-0 tiẹ̀ ní 1952, ọ̀kan nínú àwọn compiler (púrógíráàmù tó ń yí ohun téèyàn kọ padà sí èdè tó yé kọ̀ǹpútà) tó kọ́kọ́ wà láyé. Kódà ní Amẹ́ríkà yẹn náà, ní 1984, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, bíi 37 ni obìnrin, nígbà tó fi máa di 2010 kò tó 20 mọ́. Ṣé ọpọlọ obìnrin ló yí padà láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni? Kọ̀ǹpútà ilé ló dé, tí wọ́n ń polówó ẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, tí géèmù orí ẹ̀ jẹ́ ti ọmọkùnrin, ọmọkùnrin á wá dé yunifásítì á ti fọwọ́ kàn án fún ọdún mélòó kan, ọmọbìnrin á jókòó ti irú wọn ní kíláàsì ọjọ́ àkọ́kọ́ á máa rò pé òun ti pẹ́ jù, òun ò lọ́pọlọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé àwọn yẹn kàn ṣáájú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Wikipedia. Ibi tí ẹjọ́ wà ni ẹ̀yìn ìgbà tó o bá ti tẹ bọ́tìnnì pé kó jáde. Gbogbo àtúnṣe ló ń wọ àkọsílẹ̀ ojúewé yẹn, ẹni tó bá wù sì lè tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàjẹ́ á ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun tó fara balẹ̀ kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta, tó padà wá bá a pé wọ́n ti pa á rẹ́, tó sì jẹ́ pé àlàyé tó bá níbẹ̀ ni WP:N (òfin pé ohun téèyàn ń kọ nípa ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan) àbí WP:RS (òfin pé orísun ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé gbára lé) lásán, kí lẹ rò pé onítọ̀hún á ṣe? Ó lè lọ jà ní ojúewé ìjíròrò, ìyẹn wà fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ ìjà ibẹ̀ ò ní aago. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà jù ló ń borí, ẹni tó láyè jù ni, ẹni tó lè wá láàárọ̀ wá tún wá lóru, tó mọ gbogbo òfin tí wọ́n ń fi lẹ́tà méjì mẹ́ta pè, tí á máa sọ ọ́ lu ẹnì kejì títí ọ̀rọ̀ á fi sú u. Ta ló wá láyè nínú ọkùnrin àti obìnrin? ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sọ ní 2018 pé obìnrin ló ń ṣe ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò sanwó ẹ̀ kárí ayé, ọmọ, àgbàlagbà, aláìsàn, oúnjẹ, ilé gbígbá. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti àárọ̀ ni wọ́n tún ní kó wá ṣe ọ̀fẹ́ kejì, kó sì tún máa bá èèyàn ṣawuyewuye lórí ẹ̀.

Ní oṣù kejì 2011 Sue Gardner kó ohun tí àwọn obìnrin fẹnu ara wọn sọ jọ, ó pín in sí ìdí mẹ́sàn-án. Àìráyè wà ńbẹ̀, ìjà wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí obìnrin wà ńbẹ̀, pé wọ́n á kàn pa ohun téèyàn kọ rẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ó tún ní àìnígboyà, ìyẹn ni mi ò gbà délẹ̀délẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa iṣẹ́ ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgboyà ẹ̀ á dín kù, bóyá ọkùnrin ni bóyá obìnrin, ohun tí ibẹ̀ fi ṣe é ni, kì í ṣe ohun tó gbé wá láti ilé.

Ti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ yẹn kì í ṣe àsọdùn o. Emily Temple-Wood, tó dá iṣẹ́ àkànṣe kan sílẹ̀ lórí Wikipedia ní 2012 nítorí àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì, ń gba ímeèlì ìdọ̀tí débi pé ó pinnu pé gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ti wọlé, òun á kọ ojúewé tuntun kan nípa obìnrin onísáyẹ́ǹsì. Òun àti Rosie Stephenson-Goodknight ni wọ́n jọ fi jẹ oyè Wikipedian ọdún 2016. Mo pàtẹ́wọ́ fún un, ó dùn mọ́ mi, àmọ́ inú tún bí mi nígbà tí mo ro ó délẹ̀, torí irú ilé iṣẹ́ wo ni wọ́n ti máa ń fi èébú díwọ̀n iṣẹ́ tí èèyàn máa ṣe? Àwọn èèyàn ibẹ̀, máàkì 2, àwọn tó dáa láàárín wọn ló tiẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Òfin ibẹ̀ ló kàn, èyí gba àlàyé. Wọn kì í jẹ́ kó o kọ ojúewé nípa ẹnikẹ́ni àfi tí àwọn ìwé ìròyìn tàbí ìwé tí kò tan mọ́ ẹni náà bá ti kọ nípa ẹ̀ dáadáa. Lójú mi òfin tó dáa ni, kì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo wa là bá ti ní ojúewé tiwa níbẹ̀ báyìí. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Donna Strickland. Ọmọ Kánádà ni, òun àti Gérard Mourou ni wọ́n kọ̀wé jáde ní 1985 nípa ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú kí iná lésà lágbára gan-an láìba ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde jẹ́. Ní oṣù kẹta 2018 ẹnì kan kọ ojúewé nípa ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù karùn-ún wọ́n dá a padà, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ ò fi hàn pé ó tó ẹni tí wọ́n ń kọ ojúewé nípa ẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, obìnrin kẹta tó máa gba tirú ẹ̀ láyé, Marie Curie ní 1903, Maria Goeppert Mayer ní 1963, òun ló tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn sáré lọ wá a lórí Wikipedia, wọn ò bá nǹkan kan. Mourou tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn fún iṣẹ́ kan náà? Ojúewé tiẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Katherine Maher tó ń darí Wikimedia Foundation nígbà yẹn dáhùn pé dígí ni Wikipedia, ojú tí ayé bá gbé wá ló máa rí nínú ẹ̀, pé táwọn oníròyìn àti àwọn yunifásítì ò bá kọ nípa obìnrin, ibo ni àwọn ti máa rí ẹ̀rí fà yọ. Ó rí i sọ. Mi ò lè jiyàn pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2013, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Amanda Filipacchi ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń yọ àwọn obìnrin kúrò lára ẹ̀ka àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Amẹ́ríkà lórí Wikipedia, wọ́n ń kó wọn lọ sí ẹ̀ka kékeré kan tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, àwọn ọkùnrin wá ń jókòó sí ẹ̀ka ńlá tí kò ní àpèjúwe kankan. Dígí kọ́ ló ṣe ìyẹn. Ìwé ìròyìn kankan ò ní kí wọ́n ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Clarice Phelps, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí tennessine, ẹlẹ́mẹ́ǹtì 117. Jess Wade, onífísíìsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ ojúewé àwọn onísáyẹ́ǹsì lọ rẹpẹtẹ, ló kọ tiẹ̀, wọ́n pa á rẹ́ ní 2019, wọ́n jiyàn lórí ẹ̀ títí, ó di 2020 kí wọ́n tó dá a padà. Òfin, máàkì 3. Òfin ọ̀hún dáa lórí ìwé, ọwọ́ tó ń lò ó ló ń wo obìnrin lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Wikipedia nìkan ni mò ń bá wí o. Tá a bá yà sọ́dọ̀ àwọn yòókù, òun ló tiẹ̀ sàn. GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti jọ ń ṣiṣẹ́, bi àwọn tó ń kọ kóòdù ọ̀fẹ́ léèrè ní 2017, obìnrin jẹ́ bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Stack Overflow, ìkànnì tí wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè nípa kóòdù, ṣe tiẹ̀ ní 2022, ó jẹ́ bíi 5. OpenStreetMap tó jẹ́ máàpù tí gbogbo ayé ń yà lọ́fẹ̀ẹ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún: ní 2011 ẹnì kan ní kí wọ́n fọwọ́ sí àmì tí wọ́n á máa fi sàmì sí ibi tí wọ́n ń bá òbí tọ́jú ọmọ, wọ́n dìbò, wọ́n ní rárá, àwọn tó lòdì ní àmì ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré tó wà tẹ́lẹ̀ ti tó. Bẹ́ẹ̀ oríṣiríṣi àmì ló wà fún ilé ìgbafẹ́ alẹ́, ilé oníhòòhò jíjó àti ilé aṣẹ́wó, kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀kan ti tó gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ náà ló ń pinnu ohun tí máàpù máa rí. Tí obìnrin ò bá sí níbẹ̀, ibi tó yẹ kí obìnrin gbé ọmọ lọ ò ní sí lórí máàpù, kò sì ní jẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkà ṣe é.

Àwọn kan á ní ṣé obìnrin fẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún rárá, bóyá kò wù wọ́n ni. Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2006, GNOME, àwọn tó ń ṣe sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́, gba ìwé èèyàn 181 tó fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ètò Summer of Code ti Google, tó ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ kóòdù ọ̀fẹ́. Obìnrin kan ṣoṣo ò sí nínú ẹ̀. Wọ́n wá kéde ètò mìíràn lọ́dún yẹn kan náà, iṣẹ́ kan náà, wọ́n kàn sọ ọ́ gbangba pé obìnrin làwọn ń wá, wọ́n ní àyè mẹ́ta ló wà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún obìnrin tó kọ̀wé, ni wọ́n bá gba mẹ́fà. Ètò yẹn ló padà di Outreachy tó ṣì wà dòní. Yunifásítì Carnegie Mellon náà ṣe tiẹ̀: ní 1995, nínú ọgọ́rùn-ún tó wọlé wá kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, 7 ni obìnrin, ní 2000 ó ti di 42. Wọ́n kàn dá wíwo ẹni tó ti ń kọ kóòdù látilé dúró ni, wọ́n tún ṣètò kíláàsì fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Àwọn obìnrin yẹn ò yàtọ̀ sí tàtijọ́, ilé ìwé ló tún ẹnu ọ̀nà ara ẹ̀ ṣe.

Wikipedia náà ń gbìyànjú o, mi ò ní fi ìyẹn dù wọ́n. Women in Red bẹ̀rẹ̀ ní 2015, wọ́n ń wá orúkọ obìnrin tí kò tíì ní ojúewé, wọ́n ń kọ ọ́. Ní 2014 nínú ọgọ́rùn-ún ojúewé nípa èèyàn lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti obìnrin ò ju bíi 15 lọ, ó ti dé bíi 20 báyìí, iṣẹ́ ńlá ni torí bí tobìnrin ṣe ń pọ̀ náà ni tọkùnrin ń pọ̀. Ní 2021 wọ́n tún gbé òfin ìwà kárí gbogbo iṣẹ́ Wikimedia jáde, tó sọ pé ìfòòró ẹni ò gba ẹ̀bẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ wo àwọn tó ń ṣe àtúnṣe yìí, àwọn obìnrin yẹn náà ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé ló tún ń fọwọ́ ara ẹ̀ kan ilẹ̀kùn, lọ́fẹ̀ẹ́, lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Ìgbìyànjú, máàkì 3. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin 2021 yẹn mú àwọn àgbà ibẹ̀ tó ti kọ àtúnṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àmọ́ tí ẹnu wọn burú, màá fi kún un.

Obìnrin tó bá ṣì fẹ́ dán an wò (mo rò pé ó yẹ kó dán an wò, torí aráyé ń ka nǹkan yẹn bí ẹni ń ka òdodo), kó má fi ojúewé tuntun bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ máa fi ẹ̀rí sí ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rí, kò sẹ́ni tó máa bá a jà lórí ìyẹn. Tó bá wá fẹ́ kọ nípa èèyàn, kó ti ní orísun mẹ́ta tó lágbára lọ́wọ́ kó tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn, ìwé, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ onímọ̀, kì í ṣe ojúewé ilé iṣẹ́ ẹni náà. Kó sì lọ bi àwọn Women in Red léèrè ọ̀rọ̀ lójúewé ìjíròrò tiwọn, wọ́n máa ń dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Orúkọ tó máa fi ṣí àkáǹtì wá ńkọ́? Ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí kóòdù tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ oníṣẹ́ lórí GitHub. Nínú ọgọ́rùn-ún tí obìnrin fi ránṣẹ́, wọ́n gba bíi 78 sí 79, ti ọkùnrin ò ju 74 sí 75 lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tí wọn ò tíì mọ̀ níbi iṣẹ́ yẹn, tí àkáǹtì ẹ̀ sì ti fi hàn pé obìnrin ni, ti obìnrin á já wálẹ̀ sábẹ́ ti ọkùnrin. Torí náà, kó lo orúkọ tí kò sọ bóyá akọ ni bóyá abo, ó kéré tán títí wọ́n á fi mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ìmọ̀ràn yìí rárá, ó ń rùn sí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, àmọ́ tí àbúrò mi obìnrin bá bi mí lónìí, ohun tí màá sọ fún un nìyẹn.